Ọ̀sẹ̀ Tí Mi Ò Gbàdúrà fún Ọmọ Ọmọ Mi

Mo lè sọ ọ́ báyìí. Ìyá Agbẹ̀bí ti sùn nínú Olúwa, ìyá aránṣọ ìsàlẹ̀ ti kó lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀, kò sì sẹ́ni tí ojú á tì mọ́ bí mo bá la ẹnu. Ó ti pé ọdún mẹ́rìndínlógún. Ohun tí mo jẹ lánàá lè fò mí lórí, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ yẹn, bí ẹni ń wò ó nínú dígí ni.

Yàrá kan ni mo ń gbé nígbà náà, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, wíńdò rẹ̀ kọjú sí ẹ̀yìnkùlé. Bàbá àwọn ọmọ mi ti kú. Àwọn ọmọ, kálukú ti wá ibi tó máa forí sí, ibẹ̀ sì jìnnà. Èmi náà ti fẹ̀yìn tì. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ilé ìfọṣọ ọsibítù. A kì í dákẹ́ níbẹ̀: ẹ̀rọ ń pariwo, àwa náà ń pariwo bo ẹ̀rọ mọ́lẹ̀. Ìgbà tí mo wá délé jókòó ni mo mọ̀ pé etí tí ariwo ti mọ́ lára, ìdákẹ́jẹ́ a máa dùn ún bí egbò. Nígbà míì, màá sọ ọ́ sókè pé, "Ṣé kí n gbé omi tíì kaná?" Màá tún dá ara mi lóhùn pé, "Gbé e kaná, ta ló dí ọ lọ́wọ́?" Ẹni tó bá gbọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn á rò pé àwa méjì là ń bára wa jà.

Ohun tó ń mú mi jáde láàárín ọ̀sẹ̀ kò ju ẹgbẹ́ alágbàwí ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ. Àwa mẹ́sàn-án ni, arúgbó ló pọ̀ jù nínú wa. Ìyá Agbẹ̀bí, tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ gba ọmọ ọlọ́mọ sọ́wọ́, ni olórí. Ẹni tó bá ní ẹ̀bẹ̀ á kọ ọ́ sínú ìwé pélébé, á jù ú sínú apẹ̀rẹ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Tó bá di Ọjọ́rú, a óò tọwọ́ bọ apẹ̀rẹ̀; ìwé kì í fìgbà gbogbo kárí, ẹni tí kò bá kàn á sinmi. Ìwé tó bá bọ́ sí ọ lọ́wọ́, tìrẹ ni títí di Ọjọ́rú tó ń bọ̀, láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́, lórí ìkúnlẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ kò sì gbọdọ̀ mọ ẹni tó ń bá a bẹ̀bẹ̀ láé, ìbáà gbà, ìbáà má gbà. Bí o bá sọ fún ẹnikẹ́ni, o ti ba á jẹ́ nìyẹn.

Òfin kan tún wà tó le ju ìyẹn lọ. Láàárín ọjọ́ méje tí ìwé ẹlòmíì bá wà lọ́wọ́ rẹ, o ò gbọdọ̀ gbé ẹrù tìrẹ tàbí ti ilé rẹ wá síwájú Ọlọ́run. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo ní, "Háà! Àwọn ọmọ mi wá ńkọ́?"

Ìyá Agbẹ̀bí gba orí gíláàsì ojú rẹ̀ wò mí. "Ṣé o ti rí agbẹ̀bí tó gun bẹ́ẹ̀dì aláboyún, tó wá ń rọbí tiẹ̀ rí?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ bùṣe.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, àyè ẹnì kan ṣí sílẹ̀ ní ilé ìfọṣọ. Èmi ni mo tètè gbọ́, mo sì pe ọmọ ọmọ mi obìnrin, ọmọ àkọ́bí mi. Ní ìlú tí bàbá rẹ̀ wà, ó ń bá wọn ta bàtà ní ṣọ́ọ̀bù kan, wọn kì í sì í jẹ́ kó ṣe ju ìdajì ọjọ́ lọ.

"Màmá," ló wí, "bí wọ́n bá gbà mí, ọ̀dọ̀ yín ni màá máa gbé o. Mi ò ní gba yàrá kankan."

"Ṣé o máa lè fara da ìhanrun mi?"

"Ìhanrun yín! Ẹ jọ̀ọ́, bàbá mi ń hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta. Orin ni tiyín."

Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi dé ojú mi. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ní kí káfíńtà bá mi gbé bẹ́ẹ̀dì kejì wọlé. Yàrá há. Kí n tó dé ibi ìdáná, mo ní láti fi ẹ̀gbẹ́ rìn bí akàn. Bó ṣe há yẹn, mo fẹ́ràn rẹ̀.

Mo mọ ohun tí wọ́n máa fi dán wọn wò, nítorí ọ̀gá tó wà níbẹ̀ lásìkò náà, ọwọ́ mi ló ti kọ́ṣẹ́. Ọ̀nà kan wà tí à ń gbà ká ṣíìtì fún aláìsàn tí kò lè dìde. Wà á ká etí rẹ̀ méjèèjì wọ àárín kí wọ́n pàdé, wà á tún ká orí àti ẹsẹ̀ rẹ̀ bákan náà, kí gbogbo ìṣẹ́tí sá sínú. Nọ́ọ̀sì á gbé e sí ẹ̀yìn aláìsàn, á ṣí ìdajì, á yí aláìsàn lé e lórí jẹ́jẹ́, á fa ìdajì tó kù jáde, ó tán. Kò-gbọdọ̀-dìde là ń pè é. Ẹni méjì ló máa ń ká ṣíìtì, ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ló ń ká Kò-gbọdọ̀-dìde, kó sì ṣì tutù díẹ̀. Àtàǹpàkò ni gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ wà. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò mọ̀ ọ́n.

Ṣọ́ọ̀bù bàtà kò fún ọmọ ọmọ mi láyè ju ọjọ́ kan lọ, ọjọ́ ìdánwò gan-an, ọkọ̀ àárọ̀ ló sì máa wọ̀ wá. Orí fóònù ni mo ti kọ́ ọ, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko.

"Ti àtàǹpàkò bọ abẹ́ rẹ̀."

"Èwo ni abẹ́, Màmá? Ṣíìtì ò lórí, kò lábẹ́."

"Ibi tó kọjú sí ikùn rẹ!"

"Ó ti bo ikùn mi mọ́lẹ̀. Ó ti bo orí mi pẹ̀lú. Màmá, mo ti di òkú báyìí."

"Olúwa má jẹ̀ẹ́! Ẹnu rẹ ò dáa!"

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ìdánwò bọ́ sí. Ní Ọjọ́rú tó ṣáájú rẹ̀, mo lọ sí ẹgbẹ́, mo tọwọ́ bọ apẹ̀rẹ̀. Ojú mi kì í fi bẹ́ẹ̀ ka ìwé ọwọ́, Ìyá Agbẹ̀bí ló máa ń kà á sí mi létí. Ó tẹ̀ mọ́ mi, ó kà á wúyẹ́wúyẹ́: "Ẹ bá mi bẹ Olúwa. Ọmọ mi obìnrin ń lọ ṣe ìdánwò ní ilé ìfọṣọ ọsibítù lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Láti ìgbà tó ti kúrò nílé ọkọ, kì í sọ̀rọ̀, kì í jáde. Kí wọ́n gbà á."

Kò sí orúkọ níbẹ̀, àmọ́ kí ni mo fẹ́ fi orúkọ ṣe? Ìyá aránṣọ tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wa ni. Ọmọ rẹ̀ ni à ń pè ní Jẹ́jẹ́, torí o lè bá a pàdé lórí àtẹ̀gùn kó o má gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ti tó ẹni ọdún méjìdínlógójì. Ó ti ń lọ bí ọdún méjì tó délé pẹ̀lú báàgì kan, n kò sì tíì gbọ́ ohùn rẹ̀ rí.

"Ìyá," mo ní, "ẹ fún ẹlòmíì ní eléyìí."

"Kí ló dé?"

Àwọn méje tó kù ti ń wo ẹnu mi. Bí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á mọ ilé, wọ́n á mọ ìyá, wọ́n á mọ ọmọ. Mo pa ẹnu dé.

"Ọmọ tó bá ti yọrí sí ọ lọ́wọ́," Ìyá Agbẹ̀bí wí, "wọn kì í tì í padà."

Mo mú ìwé náà lọ sílé.

Ẹ gbọ́ bí mo ṣe gbàdúrà. Ọjọ́ kìíní, mo ní, "Olúwa, o mọ ohun tó wà nínú ìwé yìí, àmín." Orúnkún mi kò tíì kan ilẹ̀ tán tí mo ti dìde. Ọjọ́ kejì, mo bá Jẹ́jẹ́ bẹ Ọlọ́run fún ọkọ: ọkọ rere, ọkọ tó lówó lọ́wọ́, ọkọ tó ń gbé ìlú òkèèrè, tó máa wá mú un lọ kó tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà, mo ní kí Olúwa fún un níṣẹ́ tó ju ti ilé ìfọṣọ lọ, níbi tí afẹ́fẹ́ wà, torí ooru ilé ìfọṣọ kò dáa fún awọ ara. Gbogbo rẹ̀ ni mo fi ohùn ẹ̀bẹ̀ sọ, mo tún fi omijé díẹ̀ sí i. Mo mọ̀ pé Ọlọ́run ń wò mí bí ìyá ṣe ń wo ọmọ tó ní òun ò jí ṣúgà, tí ṣúgà sì wà létè rẹ̀.

Láàárọ̀ Ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo dúró sí wíńdò. Ìyá aránṣọ àti Jẹ́jẹ́ wà ní ẹ̀yìnkùlé, wọ́n yọ ṣíìtì kan kúrò lórí okùn. Jẹ́jẹ́ ń ká a. Ó ká a sí méjì, ó ká a sí mẹ́rin, bí gbogbo ayé ṣe ń ká aṣọ sínú àpótí. Ìyá rẹ̀ pàtẹ́wọ́. "Ó dáa! Ó dáa bẹ́ẹ̀, ọmọ mi."

Kò dáa. Bó bá ká a bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀gá kò ní wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Inú mi dùn. Mi ò ní parọ́ nídìí ọ̀rọ̀ tó ti pẹ́ tó báyìí: inú mi dùn débi pé mo di férémù wíńdò mú.

Ó wá tó àkókò àdúrà ọ̀sán. Mo kúnlẹ̀, mo gbé ìwé náà síwájú mi, mo ní, "Olúwa, jẹ́ kí wọ́n gbà á." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo sọ ohun tí ìyá náà kọ gan-an. Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni ara mi bù máṣọ. Ẹnu mi ń bẹ Ọlọ́run pé kó ṣílẹ̀kùn, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ mi. Mo gbìyànjú láti tún un sọ, kò jáde.

Mo dìde. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sísàlẹ̀.

Ìyá aránṣọ rí mi, ojú rẹ̀ le. Ẹnu rẹ̀ mú, gbogbo ilé ló mọ̀. "Ìyá òkè, ṣé a dí yín lọ́wọ́ ni?"

"Ẹ ò dí mi lọ́wọ́. Ṣíìtì yín ló ń dùn mí lójú."

"Láti orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì? Ojú yín mú o! Ẹ wá bá mi ti òwú bọ abẹ́rẹ́, dípò kí ẹ máa wo ṣíìtì oníṣíìtì."

"Ilé ìfọṣọ ni mo ti darúgbó," mo ní. "Bó bá jẹ́ ibẹ̀ ló ń lọ, kò gbọdọ̀ ká a báyẹn. Ẹ rẹ ẹ́ sómi díẹ̀, kí ẹ fún un."

Jẹ́jẹ́ wo ìyá rẹ̀, ó wò mí. Ó lọ rẹ ẹ́ wá. Mo dúró sẹ́yìn rẹ̀, mo na ọwọ́ mi méjèèjì kọjá ìgbáròkó rẹ̀ bí ẹni ń kọ́ ọmọdé ní ìwé kíkọ, mo di àtàǹpàkò rẹ̀ mú. Ọwọ́ rẹ̀ tutù. Mo fi àtàǹpàkò náà síbi tó yẹ, mo ní, "Má wò ó. Fi ọwọ́ mọ̀ ọ́n." Ìgbà àkọ́kọ́, ṣíìtì bọ́. Ìgbà kẹta, ó wọ́ nílẹ̀, ìyá rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, mo ní kó lọ jókòó sídìí maṣíìnì rẹ̀. Ní ìgbà kẹsàn-án, ó dúró. Etí bá etí, ìṣẹ́tí sá wọlé, ó rí pelebe bí ìwé.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá?" Jẹ́jẹ́ wí.

Ohùn rẹ̀ ki ju bí mo ṣe rò lọ. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

Ìyá aránṣọ bojú wò mí láti ẹnu ilẹ̀kùn. "Ẹ ṣeun o. Kò jọ yín. Ta ló rán yín?"

"Ta ni ì bá rán mi? Ẹsẹ̀ mi ló gbé mi wá."

Láti ọjọ́ náà lọ, mo gbàdúrà fún Jẹ́jẹ́ bí ẹni pé inú mi ló ti jáde. Orúkọ ọmọ ọmọ mi á yọ sí mi lórí ahọ́n, màá gbé e mì. Ní Ọjọ́ Ajé, ó pè mí. "Màmá, ọ̀la ni o. Ẹ bá mi gbàdúrà."

"Mo gbọ́, ọmọ mi. Tètè sùn."

Mi ò sọ pé màá gbà á. Kò kíyè sí i.

Ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó kan ilẹ̀kùn mi lẹ́yìn agogo méjì ọ̀sán. Bó ṣe wọlé ni mo ti mọ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tí mo tẹ́ dè é, kò wo bẹ́ẹ̀dì náà rárá.

"Ó ku èmi àti obìnrin kan," ló wí. "Ogún èèyàn la jẹ́, gbogbo àwọn yòókù ká a bí aṣọ ilé. Àwa méjì la mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá wo tèmi, ó wo tiẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, 'Ọwọ́ kan náà ló kọ́ ẹ̀yin méjèèjì. Ṣùgbọ́n ti obìnrin yìí ló dúró.' Tèmi tú ní igun kan, Màmá. Igun kan péré."

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi."

"Ta ló tún kù nínú àwọn tí ẹ jọ ṣiṣẹ́, tó lè kọ́ ọ?"

Kí n tó dáhùn, geeti ẹ̀yìnkùlé dún. Ó yíjú sí wíńdò. Ó dìde dúró.

"Òun nìyẹn. Màmá, obìnrin yẹn nìyẹn. Kí ló ń wá níbí?"

"Ilé yìí ló ń gbé."

Ìsàlẹ̀ ti ń dún: ìyá aránṣọ ń ké, ó ń jó, ó ń ju àga.

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ."

"Èmi ni."

"Ẹ mọ̀ pé ibẹ̀ ló ń lọ?"

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀ pé ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń wá?"

"Mo mọ̀, ìyá mi."

"Èmi, orí fóònù lẹ ti kọ́ mi. Òun, ẹ dì í lọ́wọ́ mú." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú rẹ̀ bíi ti ìgbà tó wà ní kékeré. "Kí ló dé? Kí ló fún yín?"

"Kò fún mi ní nǹkan kan."

"Kí ló wá dé?"

Mo la ẹnu. Ìwé pélébé náà wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi, kò ju ìwọ̀n apá kan lọ sí ibi tó dúró sí. Gbólóhùn kan péré ni ì bá tó. "Mi ò lè sọ."

"Ẹ ò lè sọ." Ó mi orí. "Ó dáa. Ẹ ṣáà gbàdúrà fún mi?"

Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ta ló máa mọ̀? "Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ọ," mo ní, "ni mo ti ń gbàdúrà fún ọ. Ọ̀sẹ̀ yìí ni mi ò gbà á."

"Ọ̀sẹ̀ yìí gan-an ni mo bẹ̀ yín pé kí ẹ gbà á, Màmá."

Kò pariwo. Ì bá pariwo, ì bá dára fún mi. Ó kúnlẹ̀, ó dágbére bí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa, ó gbé báàgì rẹ̀. Mo ní kí n sìn ín dé ibùdókọ̀. Ó ní, "Ẹsẹ̀ ń dùn yín, ẹ jókòó." Mo gbọ́ ìró bàtà rẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn.

Kò pẹ́ tí ẹnìkan fi ń lu ilẹ̀kùn mi. Mo sáré ṣí i. Ìyá aránṣọ ni, òógùn ti bo ojú rẹ̀. "Ìyá òkè, Ọlọ́run ti ṣe é! Wọ́n gbà á! Ó sọ̀rọ̀ láti ẹnu geeti títí dé yàrá, kò tíì dákẹ́ di báyìí! Ẹnì kan bá mi gbàdúrà, mi ò mọ onítọ̀hún. Ohun tó ń wá lọ́dọ̀ Ọlọ́run, kó rí i!"

Mo ní, "Àmín."

Ní Ọjọ́rú, mo dá ìwé padà. Ìyá Agbẹ̀bí bi mí bóyá ó gbà, mo ní ó gbà. Ó wò mí. "Ilé ńkọ́?" Mo ní ilé wà. Ìwé kò kárí lọ́jọ́ náà, ti ẹni méje ló wà nínú apẹ̀rẹ̀, wọ́n ní kí èmi sinmi. Ìyẹn ni pé mo lómìnira láti gbàdúrà tèmi.

Ọjọ́ Ìsinmi ni ọmọ ọmọ mi máa ń pè mí, lẹ́yìn ìsìn. Mo jókòó ti fóònù. Mo gbé tíì kaná, ó hó, ó tutù. Nígbà tí oòrùn kúrò lójú wíńdò, mo mọ̀ pé kò ní pè mọ́. Mo kúnlẹ̀ sí àárín bẹ́ẹ̀dì méjèèjì, níbi tó ṣẹ́ kù.

Mo ní, "Olúwa, mú un wá." Ọ̀rọ̀ náà dúró síwájú mi, mo wò ó. Gbogbo àdúrà iṣẹ́ tí mo ti ń gbà fún ọmọ yẹn kó tó di ọ̀sẹ̀ ìwé yẹn, inú yàrá yìí ni gbogbo wọn ń parí sí, lórí bẹ́ẹ̀dì kejì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Ara mi ni mo ti ń bẹ̀bẹ̀ fún. Mo kàn ń fi orúkọ rẹ̀ kọ ọ́ ni.

Ó pẹ́ kí n tó rí ohun tí màá sọ. Mo ní, "Olúwa, fún un níṣẹ́ níbi tó wà. Iṣẹ́ gidi, kì í ṣe ìdajì ọjọ́. Fún un ní àwọn tí wọ́n á jọ máa rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Jẹ́ kó dára fún un tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ní nílò láti wá síbí."

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn kò jáde tán lẹ́ẹ̀kìíní. Mo tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, kó lè jẹ́ pé mo sọ ọ́ tán.

Mo ṣe àmín. Mo dúró díẹ̀, bí ẹni tó ń retí pé kí ẹnì kan gbè é. Kò sẹ́ni. Mo fúnra mi gbè é.